Ta Ló Mọ Otútù Jù?

Tí ọyẹ́ bá ti mú ní Jos yìí, tí àlejò bá ti Ìbàdàn tàbí Èkó wá kí wa, ẹ ó rí i bí ara rẹ̀ ṣe máa gbọ̀n, tí àwa tí a ti pẹ́ níbí á sì máa fi í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, ẹ ò tíì rí nǹkan kan!" Irú ẹ̀fẹ̀ yìí náà la máa ń bá àwọn ọmọ wa ṣe lórí fóònù. Ọmọ á ní, "Mọ́mì, sínóò ti bò wá o." Ìyá á dáhùn pé, "Sínóò wo? Ní Houston náà? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Minnesota, kò pariwo tó báyìí."

Òótọ́ ni pé àwa fúnra wa kò mọ sínóò. Ẹ wo Bíbélì àtijọ́ wa: nínú Ìsàíàh orí 1, òjò dídì ni wọ́n pè é; nínú Sáàmù 51, ẹ̀gbọ̀n òwú ni. Ohun tí òǹkàwé fi ojú rí rí ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní láti wá, gbogbo ènìyàn ló sì mọ òwú.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Sínóò tó já sílẹ̀ ní Atlanta lọ́jọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2014 kò tó íǹṣì 3. Ilé ìwé àti ọ́fíìsì tú èèyàn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo mọ́tò bọ́ sójú títì, táyà wọn tẹ sínóò náà mọ́lẹ̀ títí ó fi di yìnyín tó ń yọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn sun inú mọ́tò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sun ilé ìwé, obìnrin kan tiẹ̀ bímọ sójú títì márosẹ̀. Àwọn ará àríwá rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n ṣé awọ ara wọn ló nípọn ju ti ará gúúsù lọ ni? Rárá o. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń kó sínóò, wọ́n ní iyọ̀ tí wọ́n ń fọ́n sójú títì, wọ́n rì páìpù omi jìn sínú ilẹ̀, wọ́n sì dí ògiri ilé kí ooru má bàa jáde. Ikú ló kọ́ wọn ní púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1888, ìjì sínóò jà ní New York àti agbègbè rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà yẹn, wáyà tẹligíráàfù àti ti fóònù kún orí òpó nígboro bí òwú aláǹtakùn. Ìjì wó òpó, wáyà já, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí afárá dúró gbagidi pẹ̀lú èrò nínú. Roscoe Conkling, tó ti jẹ́ sẹ́nétọ̀ rí, fẹsẹ̀ rìn kúrò ní Wall Street, ó ṣubú sínú sínóò, oṣù tó tẹ̀lé e ló kú. Gbogbo àwọn tó kú lé ní 400. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi tagbára-tagbára kó wáyà sábẹ́ ilẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ náà sì wá ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1904 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Boston náà gba tirẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1978. Mọ́tò tó lé ní 3,000 há sójú títì kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní Route 128. Àwọn kan tan mọ́tò kí ara wọn lè móoru, wọn ò mọ̀ pé sínóò ti dí ẹnu sàlẹ́ńsà. Èéfín padà wọlé bá wọn, ó sì pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sí Texas, torí mélòó nínú wa ni kò ní èèyàn ní Houston tàbí Dallas? Ní oṣù kejì ọdún 2021, Dallas tutù dé ìwọ̀n Celsius 19 sísàlẹ̀ òdo. (Àwa ń pariwo ní Jos tó bá kù bíi 10.) Láti àwọn ọdún 1930 ni Texas ti ya wáyà iná tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí ìjọba àpapọ̀ má bàa máa pàṣẹ fún un. Nígbà tí otútù dé, kànga gáàsì dì, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì ṣe iná dúró. Iná tí wọ́n sì pa yẹn náà ló yẹ kó máa fa gáàsì. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ wà lókùnkùn. Ó ku ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 37 kí gbogbo rẹ̀ dojú dé pátápátá. Ẹni tó ń fi iná mú ilé móoru, tí páìpù rẹ̀ wà lókè àjà, kò ní ooru, kò ní omi. Àjà sì tún wó lé e lórí nígbà tí páìpù bẹ́. Àwa ń sọ fún wọn lórí fóònù pé kí wọ́n wọ súwẹ́tà.

Èèyàn 246 ni ìjọba Texas kà pé ó kú. Otútù fúnra rẹ̀ ló pa èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ carbon monoxide, gáàsì tí kò lóòórùn, pa àwọn míì: wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tàbí mọ́tò sábẹ́ òrùlé, tàbí wọ́n gbé èédú wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé ìkòkò èédú sínú yàrá lásìkò ọyẹ́, tẹ́ ẹ sì tilẹ̀kùn, ohun kan náà lẹ̀ ń ṣe yẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e síta kẹ́ ẹ tó sùn.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ti kìlọ̀. Otútù ti mú iná lọ ní Texas ní ọdún 1989, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2011. Lẹ́yìn méjèèjì ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fi nǹkan bo ẹ̀rọ wọn, kó má bàa dì. Kò sí òfin tó fi dandan lé e, owó sì ni yóò ná wọn. El Paso, tí òun náà wà nínú Texas ṣùgbọ́n tó ń lo wáyà iná apá ìwọ̀ oòrùn, náwó náà lẹ́yìn 2011. Nígbà tí 2021 dé, iná ò fi bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni òfin tó jáde. Nígbà tí otútù ńlá mìíràn dé ní Kérésìmesì ọdún 2022, Texas ní iná. Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York ló kàn, ìlú tí ọmọdé ibẹ̀ pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń kó sínóò. Sínóò tó lé ní íǹṣì 50 bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí ìjì dé gan-an ni àṣẹ tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wa mọ́tò tó jáde, ọ̀pọ̀ sì ti lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tó kú níbẹ̀ lé ní 40: àwọn kan nínú mọ́tò, àwọn kan lójú títì, àwọn kan nínú ilé ara wọn.