Àká Tó Wà Lẹ́yìn Ọpọlọ Kòkòrò

Ẹ̀fọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó sétí ọ̀sà Àgbádárìgì nírọ̀lẹ́ kì í yó tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fà lè wúwo ju òun alára lọ. Bí kò bá tètè da omi inú rẹ̀ nù, fífò á nira. Àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan kan nínú rẹ̀ ló ń tú họ́mọ̀nù tó ń sún àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó ń ṣiṣẹ́ kíndìnrín fún un láti fa omi náà jáde. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òǹkọ̀wé bá fẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nǹkan wọ̀nyí lórúkọ Yorùbá.

Àgbádárìgì kò ṣàjèjì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, tó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1845, ó sì lò ju ọdún kan lọ kó tó ráyè dé Abẹ́òkúta. Ní 1984, onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Inú kòkòrò ṣì kù.

Omi ìsúnniṣe ni àwọn kan ń pe họ́mọ̀nù. Ìsúnniṣe dára gan-an, torí ó sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Omi ni kò bá a mu. Nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan kòkòrò, èròjà náà máa ń dì ní hóró-hóró sínú àwọn àpò tí ojú lásán kò lè rí. Èròjà ìsúnniṣe tọ̀nà jù.

Iṣan tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́nu Yorùbá, iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ló ń mú apá le, iṣan náà ló ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Àwọn tó ń kọ̀wé ìlera máa ń fi iṣan ìmọ̀lára ya ẹ̀kẹta sọ́tọ̀, ìyẹn sì wúlò fún ẹni tí eyín ń dùn. Àmọ́ iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe ìmọ̀lára. Àṣẹ ló ń fi ránṣẹ́. Iṣan ajíṣẹ́ gba ìròyìn tó ń bọ̀ àti àṣẹ tó ń lọ.

Ibi ìpamọ́ èròjà náà ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Berta Scharrer, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Jámánì tó bá ọkọ rẹ̀ Ernst lọ sí Amẹ́ríkà ní 1937, fi aáyán kan ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀: Leucophaea maderae, tí wọ́n gbà pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti ṣẹ̀. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1952, ó gé iṣan tó so ọpọlọ aáyán náà mọ́ ẹ̀yà ara bíńtín méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Hóró èròjà rọ́ jọ síhà ọpọlọ. Níhà kejì, ẹ̀yà ara náà ń ṣófo lọ. Ọpọlọ ló ń ṣe é, iṣan ló ń gbé e, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Corpora cardiaca ni àwọn onímọ̀ ń fi èdè Látìn pe ẹ̀yà ara náà, nítorí pé ó wà nítòsí ọ̀pá ọkàn. Orúkọ náà kò sọ iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Àgbẹ̀ Yorùbá ní èyí tó sọ ọ́: àká. Àgbàdo kì í hù nínú àká; oko ni wọ́n ti ń kó o wá, ibẹ̀ ló sì ń wà di ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. (Lóòótọ́, àká kòkòrò tún ní sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ tó ń ṣe èròjà díẹ̀. Ìyẹn kò ba orúkọ náà jẹ́.)

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹlòmíì á fẹ́ sun, bí oje ṣe ń sun lára igi. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sun kì í dúró de àṣẹ. Nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan, àpò á wà ní dídì títí iná mànàmáná fẹ́ẹ́rẹ́ á fi gba ara iṣan kọjá. Kálísíọ́ọ̀mù á rọ́ wọlé, àpò á lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, á la ẹnu, ohun inú rẹ̀ á sì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Tú ló yẹ. Ìtúsílẹ̀ ti di ti àwọn oníwàásù, ìtújáde pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí náà kó kúkú wà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe: àká tú èròjà.

Pẹ̀lú ìwọ̀nyí, ìtàn ẹyin ẹ̀fọn ṣeé sọ láìdánu dúró. Nínú Aedes aegypti, tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, ẹ̀jẹ̀ tó bá mu ló ń mú kí àká tú èròjà ìsúnniṣe. Ilé ẹyin á gbà á, á ṣe èròjà tirẹ̀. Ọ̀rá ara á wá máa pèsè oúnjẹ ẹyin. Bí wọ́n bá gé orí ẹ̀fọn náà kété tó mu ẹ̀jẹ̀ tán, ẹyin kò ní dàgbà. Bí wọ́n bá dúró di ọjọ́ kejì, àká ti tú, ẹyin á sì máa dàgbà lọ láìsí orí.