Ìwó Olódò Ọbà àti Àwọn Olúwa Omi

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìlú Ìwó tọ̀yàyàtọ̀yàyà, odò ni yóò fi kì í: Ìwó Olódò Ọbà. Ó sì jẹ́ ìyanu fún mi pé ìlú tí a ń fi odò kì kì í ṣe inú odò náà ni a ti fa omi ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sé Ọbà lókè, wọ́n ń mu ún. Ọbà ṣàn kọjá lọ́dọ̀ Ìwó, ó wọ inú Ọ̀ṣun, a sì sé Ọ̀ṣun náà ní Asejire fún àwọn ará Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n omi kékeré kan tí ń jẹ́ Aiba, tí ó wà lẹ́bàá ìlú, ni ìjọba sé fún àwọn Olódò Ọbà ní ọdún 1957. Ìtàn yìí ni mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí inú rẹ̀ ni a ó ti rí bí àṣẹ lórí omi ti ń bọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní ilẹ̀ wa.

Ní ayé àwọn baba wa, ìlú àti ìdílé ni ó ń ṣàkóso omi. Kò sí ilé-iṣẹ́ omi, a kò sì kọ òfin sínú ìwé, ṣùgbọ́n òfin wà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, òkè odò ni a ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ ni a ti ń fọ aṣọ. Ẹni tí ó bá sì yí i padà, obìnrin tí ó gbé ìkòkò dání ni yóò kọ́kọ́ bá a wí, kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú baálẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àgbẹ̀ a sọ̀kalẹ̀ lọ sí àkùrọ̀, níbi tí ilẹ̀ kò ti í gbẹ tán, a gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo síbẹ̀, a sì máa fi igbá bu omi wọ́n wọn. Ẹni tí ó bá wí pé Yorùbá kò mọ bí a ti ń bomi rin oko títí òyìnbó fi dé, kí ó lọ wo àkùrọ̀.

Èkó ni ọwọ́ ìjọba ti kọ́kọ́ wọ inú ọ̀rọ̀ náà, owó ni ó sì dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba pète láti fa omi láti Ìjù wọ ìlú, tí a sì gbọ́ pé ará ìlú ni yóò san owó rẹ̀, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti tako ọ̀ràn náà. Àwọn ènìyàn ní kànga àwọn tó àwọn, àti pé òyìnbó ni yóò jẹ èrè omi náà jù. Síbẹ̀ omi Ìjù ṣàn ní 1915. Ìjà owó omi sì tún ru sókè ní 1916, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tí ó gbóhùn sókè. Ìbàdàn rí omi Ẹlẹ́yẹlé ní 1942. Àwọn ìlú ńlá yòókù ní òkè ilẹ̀ ń wòye.

Ìwó kì í ṣe ìlú kékeré nígbà náà. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 1952, a bá 100,006 níbẹ̀. Abẹ́òkúta pàápàá kò tó bẹ́ẹ̀. Ní 1963, iye náà ti di 158,583, bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́fà péré ni omi Aiba tíì ṣe. Èmi kò dá àwọn tí ó yan Aiba lẹ́bi, nítorí ó sún mọ́ ilé, ọ̀pá tí yóò gbé omi rẹ̀ kò sì ní ìrìn jíjìn. Ṣùgbọ́n ìlú ń gbòòrò, omi kékeré kò sì lè gbòòrò bá a. Adágún kan náà sì ní olúwa mẹ́rin láàárín ọdún 34: Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni ó sé e; ní 1967 ó di ti Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn; ní 1976 ó di ti Ọ̀yọ́; ní 1991 ó di ti Ọ̀ṣun. Olúwa kọ̀ọ̀kan sì ni ó bá ìṣòro tí ti ìṣáájú fi sílẹ̀.

Bí àwọn wọ̀nyí ti ń pààrọ̀ àga, ìjọba àpapọ̀ náà na ọwọ́ sí odò. Ọ̀dá ńlá tí ó mú àwọn ará Òkè Ọya láàárín 1972 sí 1974, tí màlúù kú tí oko sì jóná, ni ó ta wọ́n jí. Ní Amẹ́ríkà, láti 1933 ni a ti dá àjọ kan sílẹ̀ láti ṣàkóso gbogbo àfonífojì odò Tennessee pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ológun mú lò níbí. Òfin 25 ti ọdún 1976 pín odò ilẹ̀ wa sábẹ́ àjọ 11. Ti ẹkùn wa ni Àjọ Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí ó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Bíbomi rin oko ni ó jẹ wọ́n lógún jù. A ṣí ìsédò Ọ̀yán ní 1983, adágún tí ó lè gba mílíọ̀nù 270 mítà kúbíkì omi, a sì pète láti fi bomi rin hẹ́kítà 3,000. Èkó àti Abẹ́òkúta ń mu nínú omi rẹ̀, ṣùgbọ́n oko tí a pète kò tíì tó bí a ti kọ ọ́ sí ìwé. Ìsédò Ikere, nítòsí Ìsẹ́yìn, tóbi ju Ọ̀yán lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ rẹ̀ fi dúró láìparí.

Òfin 101 ti ọdún 1993 wá lọ jìnnà ju gbogbo rẹ̀ lọ: omi èyíkéyìí tí ó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ, ìjọba àpapọ̀ ni ó ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí èyí ṣe sí Ọbà. Kí a tó ya Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, inú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni odò náà ti ń ṣàn láti agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ títí ó fi wọ Ọ̀ṣun. A fa ìlà ààlà sórí ìwé, lẹ́yìn ọdún méjì odò àwọn ará Ìwó bọ́ sábẹ́ Àbújá, láìjẹ́ pé omi rẹ̀ kúrò ní ipa rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí a sì tún gbé àbá òfin omi mìíràn wá ní 2020, ariwo ta láti Gúúsù títí dé Àárín Gbùngbùn ilẹ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tí ó kọ̀ ọ́, nítorí ìbẹ̀rù pé a ó fi omi gba ilẹ̀ etí odò lọ́wọ́ onílẹ̀.

Ìkànìyàn 2006 bá ènìyàn tí ó lé ní 191,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwó, Aiba sì wà níbi tí a sé e sí. Ọ̀pọ̀ ilé ti gbẹ́ kànga tirẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ tó sì ti ṣe kànga ẹlẹ́rọ. Nínú Òfin 1993 náà ẹ̀ka kékeré kan wà tí ó wí pé ẹnikẹ́ni lè bu omi fún lílò ilé rẹ̀ àti fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀, nínú odò tí ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí a bá ka gbogbo òfin náà sétí obìnrin tí ń bá ènìyàn wí ní etí odò láyé àtijọ́, mo rò pé ẹ̀ka yìí nìkan ni kì bá ṣe àjèjì sí i.