Ta Ni Ń Ṣọ́ Omi Wa? Láti Koko Dé Ogale

Ní ọdún 1988, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì kọ lẹ́tà sílé pé wọ́n ń kó pàǹtí olóró wá sí Koko, ìlú etídò kan ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Kẹ́míkà PCB, tí kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀ tàbí omi, wà nínú rẹ̀. Ìjọba Babangida pe aṣojú wa ní Ítálì padà, wọ́n sì kó pàǹtí náà kúrò. Kí ọdún tó parí, òfin ológun 58 ti dá àjọ FEPA sílẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù ṣáájú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, ilé ìkẹ́rùsí Sandoz jóná nítòsí Basel ní Switzerland. Omi tí wọ́n fi paná gbé oògùn apakòkòrò wọ odò Rhine, ẹja sì kú lọ bẹẹrẹ. Switzerland àti Jámánì wá pawọ́ pọ̀ gbé ibùdó kan kalẹ̀ sí Weil am Rhein, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993. Ẹ̀rọ ń fa omi odò níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Bí kẹ́míkà àjèjì bá yọjú, wọn yóò kìlọ̀ fún àwọn ìlú tó wà nísàlẹ̀ odò.

Àwa náà ṣòfin. Ìlànà ọdún 1991 ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tí yóò máa ṣọ́ ìdọ̀tí tirẹ̀. Ẹni tó ń da omi ẹlẹ́gbin nù ni a tún ní kó máa wọ̀n ọ́n! Nígbà tí NESREA rọ́pò FEPA ní 2007, òfin rẹ̀ yọ ẹ̀ka epo rọ̀bì àti gáàsì sílẹ̀.

Ní 2011, àjọ UNEP, tí ìjọba fúnra rẹ̀ pè, ròyìn pé benzene, kẹ́míkà tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, wà nínú kànga tí àwọn ará Nisisioken Ogale ní ilẹ̀ Ogoni ń mu. Ó ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí àjọ WHO fàyè gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì wé ara wọn. Ní Koko, lẹ́tà láti òkèèrè ló ta wá jí. Ní Ogale, àlejò láti òkèèrè ló wọn omi wa fún wa. A kò ṣaláìní òfin. Ojú tí yóò máa wò ni a kò ní. Kí ìjọba gba òṣùwọ̀n kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń da ìdọ̀tí, kí epo rọ̀bì bọ́ sábẹ́ NESREA, kí a sì máa kéde ohun tí ẹ̀rọ bá rí fún ará ìlú. Ẹni tó ń mu omi ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.