Nígbà tí Ilé Fúnra Rẹ̀ Bá Lọ sí Àjò: Ìdílé Méjì láàrin Johannesburg àti Ilẹ̀ Yorùbá

Kò sí àgbà Yorùbá kan tí a lè bi ní ọ̀rọ̀ àjò tí kò ní kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ilé dáni lóhùn. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò bá rìn jìnnà kì í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí i náà ní láti padà wálé wá ròyìn rẹ̀ kí ìrìn rẹ̀ tó di ìrìn. Bí a bá fara balẹ̀ yẹ àwọn òwe wọ̀nyí wò, a ó rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bá wí: ọkùnrin tí ó di ẹrù rẹ̀, tí ó dágbére fún ìyá, aya àti ọmọ, tí ó sì mọ̀ dájú pé bí òun ti ń lọ yìí, iná kò ní kú lójú ààrò òun, ẹnìkan yóò sì wà lẹ́nu ọ̀nà láti kí òun káàbọ̀. Kí ni a wá fẹ́ wí nípa ìdílé tí ó kó ara rẹ̀ lọ tìyá-tọmọ, tí kò fi ẹnì kankan sílẹ̀ láti máa koná? Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àwọn òwe wa kò tíì bá irú ìdílé bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, àti pé nígbàkigbà tí a bá ń bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọn yóò padà wálé, òṣùwọ̀n ẹlòmíràn ni a fi ń wọ̀n wọ́n.

Johannesburg ni mo fi ṣe ojúkò ọ̀rọ̀, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti rí wúrà níbẹ̀ ní 1886 ni ìlú náà ti ń wo arìnrìn-àjò bí òwe wa ti ń wò ó, àfi pé ohun tí àwọn àgbà wa fi ìfẹ́ sọ, òfin ni ìlú yìí fi sọ ọ́, òfin tí kò lójú àánú. Àwọn ilé-iṣẹ́ awakùsà a máa kó ọkùnrin wá láti Mozambique, láti Lesotho, láti Nyasaland tí a ń pè ní Malawi lónìí, àti láti ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà gan-an. Wọ́n a kó wọn sí ọgbà ibùgbé tí aya kò gbọdọ̀ bá ọkọ gbé, nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ bá sì pé, wọ́n a dá wọn padà sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nídìí oko. Ní 1972 ni Harold Wolpe, ọmọ Johannesburg tí ó sá fún ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, túdìí àṣírí ìṣirò yìí: owó tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kò lè bọ́ ìdílé, wọn kò sì pète pé kí ó bọ́ ọ, nítorí wọ́n ti gbà pé oko tí ìyàwó ń dá nílé ni yóò bọ́ ọmọ, ni yóò sì tọ́jú arúgbó. Òfin 1923 tí ó sé ìlú ńlá mọ́ aláwọ̀ dúdú, àti àwọn òfin tí ó gorí rẹ̀, ni ó gbé ètò náà ró títí di 1986. Nítorí náà, tọkọtaya tí ó bá fa ọmọ lọ́wọ́ wọ Johannesburg, tí wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ilé, ohun tí wọ́n tẹ ìlú náà dó láti dènà ni wọ́n ń ṣe.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti ilẹ̀ wa lọ, ó tọ́ kí a wo ìdílé kan tí ó ti ibẹ̀ wá bá wa. A bí Ezekiel Mphahlele, tí ó sọ ara rẹ̀ di Es'kia nígbẹ̀yìn, ní Marabastad ní Pretoria ní 1919, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá baba rẹ̀ ní abúlé Maupaneng ni ó ti lo ọdún púpọ̀ nínú èwe rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìlú ńlá gba òbí mọ́ lọ́wọ́. Ó di olùkọ́ ní Orlando, ní Soweto. Ní 1952 wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó tako ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń hun láti fi sọ ọmọ aláwọ̀ dúdú di ìránṣẹ́ títí ayé. Ó bá ìwé ìròyìn Drum ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní 1957, nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, ó gba Èkó Àkéte lọ, ó ń kọ́ni ní CMS Grammar School, Rebecca aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí iṣẹ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, mesìọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, níbi tí òun, Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní 1961. Ìgbà tí ó wà lọ́dọ̀ wa ni ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, Down Second Avenue, jáde ní 1959. N kò rò pé àsọdùn ni bí mo bá ní ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbé láìrí ọlọ́pàá kí ó kanlẹ̀kùn lóru, kí ó béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ baba lójú ọmọ.

Síbẹ̀ wọn kò dúró. Wọ́n lọ sí Paris, wọ́n lọ sí Nairobi, wọ́n lọ sí Denver, wọ́n gba Zambia kọjá, wọ́n tún padà sí Amẹ́ríkà. Nínú The Wanderers, ìtàn àròsọ tí ó tẹ̀ jáde ní 1971, Mphahlele mú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ gba ilẹ̀ kan kọjá tí ó sọ ní Iboyoru (ọmọ Nàìjíríà tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí tí kò rẹ́rìn-ín, ó kù sí i lọ́wọ́), ọ̀rọ̀ tí ó sì mú mi dúró jù lọ nínú ìwé náà ni ti ọmọ tí wọ́n mú rìn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, tí kò gbà pé baba nìkan ni ó lè pinnu ibi tí ilé wà: ó lọ bá àwọn tí ń fi ìbọn jà fún òmìnira, ibẹ̀ ni ikú ti pàdé rẹ̀. Ní 1977, lẹ́yìn ogún ọdún, Mphahlele àti Rebecca padà sí Gúúsù Áfíríkà, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé Soweto kò tíì gbẹ tán nílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun bínú sí i pé ó lọ tẹríba fún ọ̀tá. Ìjọba náà kò sì jẹ́ kí ó rí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ń wá, ó di alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ kí Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg tó gbà á ní 1979, níbi tí ó ti dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní 1983. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ̀wé lórí ìpadàbọ̀ yìí, yálà wọ́n yìn ín tàbí wọ́n bú u, ń kọ ọ́ bí ẹni pé òun nìkan ni ó lọ, òun nìkan ni ó sì bọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ rẹ̀ ni ó bá a bọ̀. Èyí tí ó bá ti dàgbà sójú ọ̀nà, ojú ọ̀nà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí baba ti ń wọlé, ó tún ń fi ilé sílẹ̀ lẹ́yìn, òwe tí ó lè gba ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pọ̀ ṣòro fún mi láti rí nínú àpò àwọn baba wa.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìpadàbọ̀ Mphahlele, ìdílé kan gba ọ̀nà yìí ní òdìkejì. A bí Kọ́lé Ọmọ́tóṣọ̀ọ́ ní 1943, ọmọ Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, ọmọ amúdàsílẹ̀-mógun-ẹnu-pani, oríkì tí ó bá a mu ju bí ó ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà mu lọ, nítorí ogun ẹnu ni ó fi Just Before Dawn jà ní 1988, ìwé tí ó po ìtàn àti àròsọ pọ̀ láti fi bá àwọn aláṣẹ Nàìjíríà wí, kò sì pẹ́ sí i tí ó fi Yunifásítì Ifẹ̀ àti Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Western Cape. Ní 1992 ìdílé náà ti wà ní Gúúsù Áfíríkà pẹ̀lú rẹ̀, ọdún méjì kí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ tó dìbò. Ìpolówó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ni ó sọ ojú rẹ̀ di mímọ̀ fún gbogbo ìlú, tí àìmọye ènìyàn fi ń kí i lójú pópó láìmọ̀ pé ó kọ ìwé kankan rí. Ṣùgbọ́n aya rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a rò. Ọmọ Barbados ni obìnrin náà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Yéwándé ọmọ wọn sí ní 1980, kí ó tó wá dàgbà ní Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó kúrò ní Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ilé ni àwọn ọmọ ń fi sílẹ̀, ilé ni ó sì jẹ́ fún baba, ṣùgbọ́n ìyá ti wà lójú àjò láti ọjọ́ tí ó ti dé ibẹ̀. Ta ni nínú wọn ni a fẹ́ sọ fún pé àjò kì í dùn kí onílé má relé? Baba náà padà wá kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ ní Yunifásítì Elizade ní Ìlárá-Mọ̀kín, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́; Gúúsù Áfíríkà ni ó sì kú sí ní oṣù keje 2023.

Àwọn ọmọ ni ó kọ ìdáhùn sílẹ̀, Johannesburg ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ mọ́. Nínú Man on Ground, fíìmù tí Akin Ọmọ́tóṣọ̀ọ́ ṣe ní 2011, ọmọ Nàìjíríà kan ti London wá Johannesburg, ó ń wá arákùnrin rẹ̀ tí ó sọnù. Bí wọ́n ṣe dáná sun ọmọ Mozambique kan nínú rògbòdìyàn tí wọ́n fi kọlu àwọn àjèjì ní 2008 ni ó ta Akin lọ́kàn jí. Nínú Vaya, ní 2016, àwọn mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìgbèríko wá sí ìlú náà: ọ̀kan ń bọ̀ wá gbé òkú baba rẹ̀, èkejì ń mú ọmọdébìnrin kan wá fún ìyá rẹ̀, ẹ̀kẹta gbọ́kàn lé ìbátan tí yóò bá a wáṣẹ́. Nínú An Unusual Grief, ìwé Yéwándé tí ó jáde ní 2021, Mojísọ́lá, ìyá tí ó jẹ́ Yorùbá, fi Cape Town sílẹ̀ lọ ń gbé nínú yàrá ọmọ rẹ̀ tí ó kú ní Johannesburg, kí ó lè mọ ẹni tí ọmọ náà jẹ́. Kì í ṣe èèṣì ni pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹbí ni ó ń wá ẹbí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń béèrè bí a ṣe lè padà sí Àkúrẹ́ tàbí sí Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bí àwọn tí ó jọ jáde kò ṣe ní sọ ara wọn nù nínú ìlú tí a kọ́ fún ọkùnrin anìkanrìn. Akin fúnra rẹ̀ ni ó tún ṣe Rise ní 2022, lórí ìdílé Antetokounmpo tí ó ti Èkó lọ sí Áténì, tí ó fi àkọ́bí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òbí àgbà, tí ó sì ní láti gbé ìrora ìyapa yẹn fún ọdún púpọ̀. Iye tí òwe wa ń náni nìyẹn, nígbà tí a bá ní dandan kí ẹnìkan dúró ti ààrò.

A ti rí i rí nítòsí bí ìlú tí ìdílé fi ṣe ilé ṣe lè lé wọn jáde. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní Ghana ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí àti Èjìgbò tí bàbá wọn ti ń tajà ní Kùmásí àti Tamale kó ọmọ padà sí ìlú tí ọmọ náà kò dé rí, tí a sì ní kí ó pè é ní ilé. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni ilé fún wọn. Ní 2008, ènìyàn méjìlélọ́gọ́ta ni ó kú nínú rògbòdìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Alexandra ní Johannesburg, 21 nínú wọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà gan-an. Nígbà tí ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2019, tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Peace kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó fẹ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ tó bí 600, ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ wálé kò pé 200, nítorí àwọn aṣọ́bodè dá àwọn kan dúró lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ràn láti máa ka owó tí òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà dá láti 1976 láti fi ran ìjà òmìnira ibẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lè bú àwọn tí ń lé wa pé aláìmoore ni wọ́n. Àròyé yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú tèmi: aláìríṣẹ́ tí ń gbé ahéré páànù ní Alexandra kò mọ̀ nípa owó náà, a kò sì fi í ra ilé fún un.

Ìwé àṣẹ, ìyẹn ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ ìpadàwálé. Ọmọ àjèjì tí a bí sí Johannesburg kò di ọmọ orílẹ̀-èdè náà nítorí ibi tí a bí i sí nìkan. Láti oṣù kẹfà 2015, òfin ní kí ọmọdé tí yóò wọ ibodè Gúúsù Áfíríkà tàbí tí yóò jáde níbẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìbí tí orúkọ òbí méjèèjì wà nínú rẹ̀, bí òbí kan ṣoṣo bá sì ń mú un lọ, kí ó mú ìwé ìyọ̀ǹda èkejì dání; wọ́n ti dẹ òfin náà fún ọmọ àjèjì ní 2019, ṣùgbọ́n ìdílé tí ọkọ wà ní Kempton Park nítòsí Johannesburg, tí aya fẹ́ mú ọmọ lọ kí ìyá àgbà ní Òṣogbo, ti mọ ohun tí ó ná wọn. Bí wọ́n bá rí ìwé, owó ọkọ̀ òfuurufú ènìyàn mẹ́rin ń dúró dè wọ́n.

Ẹni tí ó bá fẹ́ takò mí yóò nawọ́ sí àwọn ará Èjìgbò tí ó kún Abidjan, yóò ní: ìdílé odidi ni àwọn náà ń kó lọ, wọ́n sì ń wálé. Òtítọ́ ni. Ọmọ ń sọ Faransé ní Èjìgbò, bọ́ọ̀sì sì ń ti ìlú náà lọ tààrà sí Abidjan, ó ń gba Benin, Togo àti Ghana kọjá. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gbà kí ọmọ ẹkùn yìí wọ ìlú ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba fìsà. Ìyá lè lọ bímọ nílé kí ó padà, ọmọ lè kàwé ní Èjìgbò kí ó lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ baba, kò sì sí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè èwo nínú méjèèjì ni ilé, nítorí ọ̀nà wà tí ó so méjèèjì pọ̀. Ìfẹ́ ilé tí ó wà lọ́kàn ará Èjìgbò kò ju èyí tí ó wà lọ́kàn ará Àkúrẹ́ tí ó wà ní Johannesburg lọ. Ọ̀nà àti òfin ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá sì ń bi ìdílé kan ní Johannesburg léèrè ìdí tí wọn kò fi wálé, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìwé ìrìnnà ní Abuja, àti àwọn tí ń fọwọ́ sí fìsà ní Pretoria, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé ìbéèrè náà lọ.