Kí ẹja òkun tó wọlé, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú omi

Ẹni tí ó bá ti wọ àwọn ilé ìtura ńlá kan l'Ékòó yóò ti bá àpótí dígí pàdé, tí ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Omi lásán ni ọ̀pọ̀ irú ẹja bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ṣùgbọ́n ó wu àwọn mìíràn láti sin ẹja inú òkun, èyí tí kò lè wà láàyè àfi nínú omi oníyọ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá mú òwe yìí lò fún ẹja òkun yóò kábàámọ̀. Ọ̀pọ̀ a ra àpótí lówùúrọ̀, wọn a po iyọ̀ mọ́ omi lọ́sàn-án, wọn a sì da ẹja sí i nírọ̀lẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹja ti kú, ó ti léfòó. Wọn a ní ẹni tó ta ẹja ló rẹ́ àwọn jẹ, bẹ́ẹ̀ omi tí kò tíì ṣeé gbé ló pa á.

Àpótí àti ibi tí yóò wà

Àpótí kékeré ló rọrùn láti rà, òun náà ló sì ṣòro jù láti tọ́jú, nítorí pé omi díẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Èyí tí yóò gba 100 lítà dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lítà omi kan ju kílò kan lọ díẹ̀ bí iyọ̀ bá ti wọ̀ ọ́. Tí a bá wá fi dígí, yanrìn àti òkúta kún un, tábìlì yẹpẹrẹ kò lè gbé e. Ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, nítorí ooru àti èéhù.

Omi àti iyọ̀

Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣeé lò, nítorí pé omi òkun ní oríṣiríṣi èròjà mìíràn, bíi calcium àti magnesium, tí iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní. Iyọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹja òkun ni kí ẹ rà. Ìwọ̀n bíi gíráàmù 35 ni yóò wọ lítà omi kan. Háídírómítà ni irinṣẹ́ tí a fi ń wọ̀n ọ́n, 1.025 ló sì yẹ kó kà. Bí omi ẹ̀rọ bá ní chlorine, ẹ lo oògùn tí ń pa agbára rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ ó lọ pọn omi létíkun tàbí nínú ọ̀sà. Omi ọ̀sà Èkó a máa ṣàn wọ òkun, òjò a sì máa dín iyọ̀ rẹ̀ kù, yàtọ̀ sí ìdọ̀tí tó ń bá a wá.

Bí omi inú àpótí bá ń fà lójoojúmọ́, omi nìkan ni ooru ń gbé lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà, omi tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ fi dí i.

Sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù a máa di ammonia, májèlé sì ni. Àwọn bakitéríà tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ní í sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà léwu. Àwọn mìíràn a sì sọ nitrite di nitrate, tí kì í pa ẹja bí kò bá pọ̀ jù. Ara òkúta, yanrìn àti ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi ni wọ́n ń gbé. Wọn kì í tètè pọ̀ sí i, ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ẹ fi edé tútù kan sínú omi náà kí ó jẹrà, kí àwọn bakitéríà lè rí oúnjẹ jẹ. Ẹ ra ohun èlò tí a fi ń dán omi wò. Ọjọ́ tí ammonia àti nitrite bá jẹ́ òdo, tí nitrate sì ti yọjú, ẹ pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà, kí ẹ wá ra ẹja kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí òmíràn tó tẹ̀ lé e.

Bí iná bá lọ

Bí ẹ̀rọ bá dúró, atẹ́gùn inú omi yóò máa tán lọ, yóò sì ṣe ẹja àti bakitéríà léṣe. Páǹpù alátẹ́gùn tó ń lo bátìrì ni kí ẹ rà kí ẹ tó ra ẹja. Ìwọ̀n ooru 24 sí 27 lórí Celsius ló dára. Bí ilé bá gbóná jù, fáànù tí ń fẹ́ sí ojú omi a máa tù ú.

Ẹja wo la ó rà?

Clownfish, tí sinimá Finding Nemo sọ di olókìkí lọ́dún 2003, dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni orírun rẹ̀. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n mú bí nínú ilé ìsìnja, nítorí pé májèlé cyanide ni àwọn kan fi ń mú ẹja òkun ní Philippines àti Indonesia, ó sì ń pa òkúta iyùn tí àwọn ẹja ń gbé. Ẹja aláwọ̀ búlúù inú sinimá náà kò bá yín mu, torí pé ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wo omi lásán láìrí ẹja nínú rẹ̀ ni ẹja yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.