Iyọ̀ Inú Oògùn Ibà: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Chloroquine ní Ìkẹjà

Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà láti Ìkẹjà dé Agége, orúkọ wọn àti ọdún ìdásílẹ̀ wọn la sábà máa ń kà. Ohun tí wọ́n ń ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ wá lógún. Nínú iṣẹ́ yìí, a mú oògùn kan ṣoṣo láti fi hàn pé ìmọ̀ kẹ́mísírì jẹ́ ara ìtàn náà.

Hans Andersag ló ṣe chloroquine ní Jámánì ní 1934. Ní 1944 ni a dá May & Baker sílẹ̀ ní Nàìjíríà; nígbà tó yá, ó fìdí kalẹ̀ sí ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà. Nivaquine, tí í ṣe chloroquine, di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀ nítorí ìkorò rẹ̀.

Chloroquine fúnra rẹ̀ kì í tètè yòrò nínú omi. Ìdí nìyí tí a fi ń pò ó pọ̀ mọ́ ásíìdì kí ó lè di iyọ̀. Iyọ̀ yìí kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ohun tí ásíìdì àti béèsì jọ bí ni. Átọ̀mù náítírójìn méjì nínú chloroquine a gba háídírójìn lọ́wọ́ ásíìdì. Agbára iná rere a wà lára chloroquine, ti òdì a wà lára ohun tó kù nínú ásíìdì, wọn a sì máa fa ara wọn mọ́ra. Ní 1988, Jean Karle àti Isabella Karle fi X-ray ṣàlàyé bí hóró iyọ̀ fọ́sífeètì rẹ̀ ṣe tò: mólékù omi méjì wà níbẹ̀ fún chloroquine kọ̀ọ̀kan, ìsopọ̀ háídírójìn sì dì wọ́n mú.

Ásíìdì tí a lò ló ń pinnu ìwọ̀n. 250 mg iyọ̀ fọ́sífeètì àti 200 mg iyọ̀ sọ́lífeètì ní nǹkan bí 150 mg chloroquine nínú bákan náà. Ẹni tí kò mọ èyí lè ṣi oògùn lò fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ àlòjù chloroquine ń pani.

Ní 2005, Nàìjíríà fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí kò ran kòkòrò ibà mọ́. Iyọ̀ náà kò yí padà. Kòkòrò ló yí. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àlòjù chloroquine ti gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn.

Ní àkótán, ojúṣe olùkọ́ ni láti kọ́ ọmọ bí a ti ń ka ohun tí a kọ sára páálí oògùn, ní èdè tí yóò yé e.