Ilé Òkúta fún Ẹja: Ibùdó Mount Whitney ní California

Ní ọdún 1916, ìjọba ìpínlẹ̀ California bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé kan lẹ́bàá ìlú Independence, níbi tí wọn yóò ti máa pa ẹyin ẹja trout di ọmọ fún àwọn odò òkè Sierra Nevada. Ará ìlú ló dáwó ra ilẹ̀ náà. Àṣẹ tí Charles Dean, ayàwòrán ilé náà, gbà ni pé kí ó bá òkè mu, kí ó sì wà títí láé. Òkúta gíránáítì àyíká ibẹ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, láìgé ìkankan. Ó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3. Àlejò lè ṣì í pè ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n omi ni ẹ̀mí irú iṣẹ́ yìí. Ní 2007, iná jó igbó tó wà lókè odò Oak Creek. Ní oṣù Keje 2008, òjò ńlá wọ́ ẹrẹ̀ àti àpáta sọ̀kalẹ̀ láti ilẹ̀ tí iná ti jó náà. Ó ba àwọn kòtò omi ọ̀sìn ẹja jẹ́, ó sì kan ilé àwọn òṣìṣẹ́. Ilé òkúta kò mì. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló gba ìtọ́jú rẹ̀ ṣe. Àṣẹ Dean ṣẹ ní ti ògiri, kò ṣẹ ní ti ẹja.